Ìgbà ẹ̀yìn iṣẹ́ Fẹlá Ṣówándé

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí Fẹlá Ṣówándé, olùṣẹ̀dá orin àti atẹdùùrù. Fún olórin Afrobeat, ẹ wo Fẹlá Kútì.

Fẹlá Ṣówándé (orúkọ rẹ̀ ní kíkún: Olúfẹlá Ọbafúnmiláyọ̀ Ṣówándé, 29 oṣù Èbìbí ọdún 1905 – 13 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1987) jẹ́ ọmọ Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ olórin jazz, atẹdùùrù, olùṣẹ̀dá orin, òṣìṣẹ́ rédíò, olùwádìí àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ilé ijó alẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Níbẹ̀ ni ó ti ń tẹ piano àti dùùrù, tí ó sì ń darí ẹgbẹ́ jazz. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí baba orin àkọsílẹ̀ òde òní ní Nàìjíríà.

Ìgbà ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1943, ó sì parí sí ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Láàrin ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yìí, ó kúrò ní ilé ijó bọ́ sí ilé ìjọsìn, ó kúrò ní ilé ìjọsìn bọ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò, ó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo, ó sì fi iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì kádìí rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ó ń bá a rìn láti ibì kan dé èkejì: ṣé dandan ni kí olórin ọmọ Áfíríkà yan ọ̀kan, kí ó sì kọ èkejì, nínú orin ilẹ̀ rẹ̀ àti orin tí ó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn?

Ìpìlẹ̀ rẹ̀

Bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí ó ṣiṣẹ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́. Fẹlá kàwé ní CMS Grammar School àti King's College ní Èkó. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kàtídírà Christ Church ní Marina, lábẹ́ T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó jẹ́ atẹdùùrù àti olórí ẹgbẹ́ akọrin níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Phillips ni ó ti kọ́ dùùrù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti mọ iṣẹ́ Bach àti ti àwọn olùṣẹ̀dá orin Yúróòpù mìíràn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìjọ yìí, ó fi etí sí orin jazz láti inú rédíò àti àwo orin, ó sì darí ẹgbẹ́ olórin ijó ní Èkó kí ó tó lọ sí òkè òkun.

Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1930. Ní ọdún 1936, òun ni ó tẹ piano nínú Rhapsody in Blue, iṣẹ́ George Gershwin. Ó kó ẹgbẹ́ jazz tirẹ̀ jọ. Ó tẹ dùùrù oníná tí à ń pè ní Hammond ní ilé ijó Florida, níbi tí ó ti ń bá Adelaide Hall, gbajúmọ̀ akọrin ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó di olùdámọ̀ràn nípa orin fún Colonial Film Unit, ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe fíìmù fún àwọn ènìyàn Áfíríkà. Iṣẹ́ yìí mú kí ó padà máa ronú lórí orin ilé nígbà tí ó ṣì wà ní àjò.

Láti ilé ijó sí ilé ìjọsìn

Nígbà tí ó ń ṣe jazz lálẹ́, Ṣówándé ń kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ George Oldroyd, Edmund Rubbra àti G. D. Cunningham. Ní ọdún 1943, ó yege nínú ìdánwò Royal College of Organists, ó sì gba oyè FRCO, èyí tí ó ga jù lọ nínú àwọn oyè tí ẹgbẹ́ náà ń fún atẹdùùrù. Ó tún gba ẹ̀bùn Limpus, Harding àti Read, tí wọ́n ń fún àwọn tí ó bá tayọ nínú ìdánwò náà. Ó gba oyè ìmọ̀ orin ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú.

Láti ọdún 1945 sí 1952, ó jẹ́ atẹdùùrù àti olórí ẹgbẹ́ akọrin fún West London Mission ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí ó ń ṣe ìsìn ní Kingsway Hall. Olórí ìjọ náà nígbà yẹn ni Donald Soper, oníwàásù tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Atẹdùùrù gbọ́dọ̀ ní orin tí yóò tẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ìjọ bá ń jáde. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dùùrù tí Ṣówándé fi sílẹ̀ jẹ mọ́ irú àkókò bẹ́ẹ̀. Dípò kí ó máa lo orin àwọn ará Yúróòpù nìkan, ó mú orin ìyìn Yorùbá láti ìjọ Èkó, ó sì hun ún mọ́ ọgbọ́n dùùrù tí ó ti kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùjọsìn ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń gbọ́ ohùn orin Yorùbá nínú dùùrù ìjọ wọn.

Ohùn èdè nínú iṣẹ́ dùùrù rẹ̀

Láti lóye ohun tí Ṣówándé ṣe, ó yẹ kí a mọ ìṣòro tí ó bá nílẹ̀. Èdè Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ohùn ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàrin igba, igbá àti ìgbà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ ìjọ àkọ́kọ́ túmọ̀ orin ìyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì bí ó ṣe wà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, orin lè máa gòkè, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yóò sì dàrú lẹ́nu akọrin. Ẹni tí ó bá ti kọ orin wọ̀nyí ní ìjọ, ìbáà ṣe ní Èkó tàbí ní Kàbbà ní ilẹ̀ Okun, mọ̀ pé àwọn ìlà kan wà tí ó jẹ́ pé àfi kí ènìyàn wo ìwé kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí.

T. K. E. Phillips wà lára àwọn tí ó wá ojútùú sí ìṣòro yìí. Ó ṣẹ̀dá orin ìjọ tí ohùn rẹ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, ó sì ṣàlàyé èrò rẹ̀ nínú ìwé Yoruba Music, tí ó jáde ní ọdún 1953. Irú orin bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orin ìbílẹ̀, ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Ṣówándé mú lọ sórí dùùrù. Lára wọn ni K'a Mura, Jesu Olugbala, Obangiji, Kyrie, Gloria, Yoruba Lament àti Oyigiyigi. Láàrin ọdún 1945 àti 1958 ni àwọn ilé ìtẹ̀wé orin òkè òkun tẹ̀ wọ́n jáde.

Dùùrù kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí ohùn bá tọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dùndún. Nípa èyí, iṣẹ́ kan náà ń bá ẹgbẹ́ olùgbọ́ méjì sọ̀rọ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ orin dùùrù tí ó tẹ̀lé ìlànà tí ó mọ̀. Ọmọ Yorùbá gbọ́ orin tí ó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti kékeré.

Kò fi jazz sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ìró tí ó dì mọ́ ara wọn lọ́nà tí ìjọ kò retí, èyí tí etí rẹ̀ ti mọ́ láti ilé ijó, hàn nínú àwọn iṣẹ́ dùùrù yìí. Ó tún ṣètò orin ẹ̀mí àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, bíi Go Down, Moses àti Joshua Fit de Battle of Jericho. Fún un, orin wọ̀nyí àti orin Yorùbá jẹ́ ẹbí kan náà tí òkun pín níyà.

African Suite

Ní ọdún 1944, ó ṣẹ̀dá African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù. Iṣẹ́ náà ní ìpín márùn-ún: Joyful Day, Nostalgia, Onipe, Lullaby àti Akinla. Ohùn orin Joyful Day wá láti ọwọ́ Ephraim Amu, olùṣẹ̀dá orin ọmọ Gánà. Nostalgia jẹ́ orin ẹni tí àárò ilé ń sọ. Akinla dá lórí orin ìgboro ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, irú èyí tí ẹgbẹ́ olórin ijó ń lù ní Èkó nígbà tí Ṣówándé ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Akinla ni ó rìn jìnnà jù lọ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò CBC ní Kánádà fi ṣe orin ìdánimọ̀ fún Gilmour's Albums, ètò tí Clyde Gilmour ṣe láti ọdún 1956 sí 1997. Nípasẹ̀ ètò náà, àwọn olùgbọ́ ní orílẹ̀-èdè tí Ṣówándé kò gbé rí mọ orin rẹ̀ bí ẹni mọ orin ilé, ìbáà jẹ́ pé wọ́n mọ orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ìpadàbọ̀ sí Nàìjíríà

Ní ọdún 1953, Ṣówándé padà sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka orin ní Nigerian Broadcasting Service, tí ó di Nigerian Broadcasting Corporation (NBC) ní ọdún 1957. Ní ilé iṣẹ́ rédíò yìí, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Kì í ṣe ẹni tí ń tẹ orin nìkan mọ́. Ó di ẹni tí ń wá orin kiri. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gba orin, ìtàn àti àwọn ohùn ẹnu Yorùbá sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà, àwọn onílù àti àwọn aláwo, wọ́n sì fi ṣe ètò tí rédíò gbé sáfẹ́fẹ́. Rédíò jẹ́ ohun tuntun nígbà náà. Ohun tí a ti ń gbọ́ ní ojúbọ àti agboolé nìkan di ohun tí ẹni tí ó jìnnà lè gbọ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1956. Ní ọdún 1957, ó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà láti tẹ dùùrù fún àwọn olùgbọ́ ní àwọn ìlú ńlá ibẹ̀. Nígbà tí òmìnira Nàìjíríà dé ní ọdún 1960, ó ṣẹ̀dá Folk Symphony láti fi ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ́kẹ́sírà ńlá ni, tí ó gbé ohùn orin ìbílẹ̀ Nàìjíríà ka àárín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n gbọ́ orin rẹ̀ ní Carnegie Hall ní New York. Ìjọba Nàìjíríà fún un ní oyè MFN ní ọdún 1964.

Ìwádìí lórí Ifá

Ní àwọn ọdún 1960, Ṣówándé ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Institute of African Studies ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ifá ni ó gbájú mọ́ jù lọ. Ní ọdún 1964, ó tẹ ìwé kan jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, Ifa: Guide, Counsellor and Friend of Our Forefathers. Àkọlé ìwé náà sọ èrò rẹ̀ ní kedere: Ifá jẹ́ atọ́nà, olùdámọ̀ràn àti ọ̀rẹ́ àwọn baba ńlá wa. Ní ọdún 1969, òun àti Fágbèmí Àjànàkú, tí ó jẹ́ Àràbà Èkó, jọ kọ ìwé Orúkọ Àmútọ̀runwá. Oxford University Press ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn. Ìwé yìí dá lórí àwọn orúkọ tí ọmọ ń gbé wá sáyé nítorí bí a ṣe bí i, irú bíi Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Ìgè, Òjó, Àìná àti Dàda.

Ó ṣe pàtàkì láti rí ohun tí àjọkọ yìí túmọ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé náà jẹ́ ọmọ àlùfáà tí ó gba oyè tí ó ga jù lọ fún atẹdùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì sì jẹ́ olórí àwọn babaláwo ní Èkó. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń lo babaláwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ń bi léèrè ọ̀rọ̀, tí a kì í sì í fi orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé, orúkọ Àràbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún 1968, wọ́n fi Ṣówándé jẹ oyè ìbílẹ̀ ní Èkó nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àṣà Yorùbá. Yunifásítì Ifẹ̀ fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní ọdún 1972.

Ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1968, Ṣówándé lọ sí Amẹ́ríkà láti di olùkọ́ ní Yunifásítì Howard ní Washington. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1972, ó sì bọ́ sí Yunifásítì Pittsburgh, níbi tí ó wà di ọdún 1976. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Yunifásítì Kent State ní Ohio. Àkókò yìí jẹ́ àkókò tí àwọn ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà ń béèrè pé kí a máa kọ́ ìtàn àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní yunifásítì. Ṣówándé wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kópa nínú iṣẹ́ náà. Nínú àròkọ rẹ̀ The Africanization of Black Studies, kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò tó kí a kọ́ nípa ènìyàn dúdú; èrò Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ní ìgbà yìí, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ju orin lọ.

Ó fẹ́ Eleanor McKinney, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Pacifica Radio sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 1977. Ó kú ní Ravenna, ìlú kan ní Ohio, ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1987, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ilẹ̀ Ohio ni wọ́n sin ín sí.

Ojú tí ó fi wo orin

Ní àkókò òmìnira, àríyànjiyàn ńlá wà láàrin àwọn oníṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá ń lo ọ́kẹ́sírà àti dùùrù ń wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù. Ṣówándé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò ní tẹrí ba fún ìlànà tí yóò pààlà sí iṣẹ́ ọnà bí ìjọba apartheid ṣe ń pààlà sí ènìyàn, tí yóò sì sọ pé inú orin ìbílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni olórin gbọ́dọ̀ dúró sí. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ èyí, òun náà ni ó ń jókòó ti àwọn babaláwo láti kọ́ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ púpọ̀ ti kọ̀ sílẹ̀.

Àwọn ìhà méjèèjì yìí kò takora. Lójú Ṣówándé, ẹni tí kò mọ ti ilé kò ní ohun tí yóò mú lọ sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ná ọgbọ́n. Ẹni tí ó sì mọ ti ilé nìkan ti dín ọ̀nà ara rẹ̀ kù.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Akin Euba (1935–2020), tí ó di olórí ẹ̀ka orin NBC lẹ́yìn rẹ̀, àti Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976), atẹdùùrù àti olùṣẹ̀dá orin, tẹ̀ síwájú ní ọ̀nà tí ó là sílẹ̀. Euba ni ó dá èrò tí ó pè ní African pianism sílẹ̀, èyí tí ó fi ọgbọ́n ìlù Áfíríkà sínú piano.

Síbẹ̀, iṣẹ́ Ṣówándé ní ìṣòro kan tí kò tíì tán. Orin rẹ̀ nílò dùùrù ńlá, ọ́kẹ́sírà àti ìwé orin. Dùùrù onípáìpù kò pọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ìjọ ńlá díẹ̀ ni ó ní i. Òkè òkun ni wọ́n ti tẹ àwọn ìwé orin rẹ̀. Nítorí náà, ó rọrùn fún ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago láti gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn Yorùbá ni ó wà nínú rẹ̀.

Ìgbìyànjú ti wà láti yí èyí padà. Ní ọdún 2000, Chicago Sinfonietta, tí Paul Freeman darí, gba apá kan nínú African Suite sílẹ̀ sórí àwo. Godwin Sadoh, atẹdùùrù ọmọ Nàìjíríà, tẹ ìwé The Organ Works of Fela Sowande jáde ní ọdún 2007. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sírà Chineke! kọ African Suite níbi ètò BBC Proms ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí Ṣówándé ti ṣẹ̀dá rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn atẹdùùrù ìjọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka orin ní yunifásítì ni iṣẹ́ náà wà báyìí.

Àṣàyàn iṣẹ́ rẹ̀

Orin ọ́kẹ́sírà:
• African Suite (1944)
• Folk Symphony (1960)

Orin dùùrù:
• K'a Mura (1945)
• Jesu Olugbala (1955)
• Kyrie (1955)
• Obangiji (1955)
• Yoruba Lament (1955)
• Go Down, Moses (1955)
• Gloria (1958)
• Oyigiyigi (1958)

Ìwé:
• Ifa: Guide, Counsellor and Friend of Our Forefathers (1964)
• Orúkọ Àmútọ̀runwá, pẹ̀lú Fágbèmí Àjànàkú (1969)